Ọmọ Oṣoògùn Tó Fi Etí Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1862, iná jó ilé Àjàyí Crowther ní Èkó. Lára ohun tó bá iná náà lọ ni ìwé tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: apá kan nínú Bíbélì tó ń túmọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún 11. Kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ láyé ìgbà náà. Kí òwe kan tó lè wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti pa á níṣojú ẹni tó ń kọ ọ́, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti fetí sí i, kó mọ ọ̀rọ̀ tó bí òwe náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbàgbé. Iná kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo rẹ̀ run.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi máa jáde ní 1884, ó ti lé ní 40 ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń fi etí ṣiṣẹ́. Ìtàn rẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ́ láti gbọ́ Ọlọ́run àti láti gbọ́ ọmọnìkejì, nítorí méjèèjì ló kọ́, kò sì tètè mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀pọ̀ ló mọ Crowther gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ní Canterbury, lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Ọmọ Òkè-Ògùn ni. Oṣoògùn, ní ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821, ogun kó ìlú náà. Wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n dà wọ́n lọ sí Ìṣẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ọmọdékùnrin náà pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan sí ọwọ́ òmíràn ló ń lọ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon ló gbà á sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1822, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọmọ náà kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Etí nìkan ló kù fún un láti fi mọ ibi tí ayé ń gbé e lọ.

Síbẹ̀, ìyà kì í fúnra rẹ̀ kọ́ ènìyàn ní ìfetísílẹ̀. Nígbà tí Crowther di ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Sàró, iyàn ló ń bá àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ jà. Ó mọ̀wé, ó gbóná nínú ẹ̀sìn tuntun tó gbà, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ dá ènìyàn lọ́nà. Ìjà náà kò so èso. Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀ lójú àwùjọ kì í sábà yí padà. Ó máa ń lọ sílé pẹ̀lú ìtìjú, ìbínú rẹ̀ a sì le sí i. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ló rí irú èyí tí wọn kò kọ́gbọ́n níbẹ̀. Crowther ní tirẹ̀ yí ọwọ́ padà.

A lè rí ìyípadà yẹn ní ọdún 1872, nígbà tó dé ààfin ọba Ìlọrin. Àárín àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ló wà, wọ́n sì ń bi í léèrè nípa Jésù. Kò já wọn lẹ́nu, kò sì bá wọn jiyàn. Ó gbọ́ ìbéèrè wọn dé òpin, ó ṣí ìwé Lúùkù ní Yorùbá, ó sì ka ibi tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ti wá jíṣẹ́ fún Màríà. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ mọ áńgẹ́lì yẹn, wọ́n mọ Màríà náà, nítorí Kùránì sọ̀rọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, wọ́n sì túká láìsí ìjà. Ní ọ̀rúndún tí ogun kún ilẹ̀ Yorùbá, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Irú etí yìí kan náà ló fi túmọ̀ Bíbélì. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, èyí tó tún tẹ̀ jáde ní 1852 sì kún fún òwe, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà bó ṣe ń ti ẹnu oníǹkan jáde. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn, níbi tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ló fi ṣe ìpìlẹ̀ èdè tí gbogbo Yorùbá ń kà nínú ìwé lónìí. Kò sì tìtorí pé òun jẹ́ Kristẹni kó kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti ń sọ: àdúrà, àlùfáà àti wòlíì wọ inú Bíbélì láti ẹnu wọn. Ibì kan wà tí ó yẹ ká sọ òótọ́ sí. Èṣù tí wọ́n fi túmọ̀ Sàtánì kò tọ́ lójú àwọn oníṣẹ̀ṣe, wọ́n sì ń ráhùn rẹ̀ títí dòní. Bí wọ́n bá ti jókòó ti àwọn olórìṣà pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá ìbá má rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844, ní Freetown ní Sàró, ó ṣe ìsìn ní Yorùbá fún àwọn ará rẹ̀ tí a ti gbà kúrò lóko ẹrú. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbọ́ ìwàásù ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tó pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìhìn áńgẹ́lì sí Màríà ní èdè ìyá wọn, wọ́n dáhùn pé kí ó ṣẹ. Ohun tí wọ́n ti ń fi orí gbọ́, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ọkàn gbọ́ ọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn bí ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe rí. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omi ń bọ́ lójú wọn. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ yóò là, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ náà nígbà èwe ló fi pè é. Àlùfáà tí wọ́n yàn ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò kánjú wàásù fún ìyá rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà.

Orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì ni Hánà, Sámúẹ́lì sì ni orúkọ ìrìbọmi Crowther. Ìtàn Sámúẹ́lì yẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa etí. Ọlọ́run pe ọmọdé náà lóru, ó sì sáré tọ Élì lọ, ó rò pé baba arúgbó náà ló pè é. Èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí Élì tó mọ ẹni tó ń pè, tó sì kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe dáhùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe so mọ́ra. Ọmọ tí kì í dá àgbà lóhùn ní òru ì bá ti máa sùn lọ. Àgbà tí kò fetí sí ọmọdé ì bá ti lé e padà lórí ẹní. Àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Ọlọ́run.

Ní Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, inú agbo ilé kan náà ni Mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe ń gbé, ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ètò fún ìfetísílẹ̀. Kùránì pàṣẹ pé bí wọ́n bá ń kà á, kí ènìyàn dákẹ́ kó sì tẹ́tí. Olùgbọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run. Nínú Ifá, ẹni tó wá dífá kì í sábà sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún babaláwo. Owó ló ń gbé sẹ́nu, tó ń bá a sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ̀ odù tó jáde, oníbèéèrè yóò jókòó, yóò máa gbọ́ ọ ní ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí yóò fi kan èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá a mọ̀. Bí kò bá tẹ́tí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kọjá lójú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí àdúrà wa fi kún fún ariwo báyìí? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dún láti mọ́sálásí, àwa la sì ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò burú kí ènìyàn ké pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo òru bèèrè nǹkan, tí kò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí wọ́n bá dá a lóhùn?

Ohun tí àìgbọ́ra ń fà kò ṣàjèjì ní Òkè-Ògùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Captain Ross tó jẹ́ aṣojú wọn ní Ọ̀yọ́, ti fún Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù ní agbára lórí àwọn ìlú wọ̀nyí ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá kóòtù tuntun sílẹ̀. Àwọn ìjòyè tó ti ń dá ẹjọ́ láti ìgbà baba ńlá wọn di ẹni ẹ̀yìn. Ìkọ̀sílẹ̀ ọkọ di ohun ìrọ̀rùn ní kóòtù náà, èyí sì bí àwọn ọkùnrin nínú gidigidi. Onímọ̀ ìtàn J. A. Atanda ṣe àlàyé ọ̀ràn yìí nínú iṣẹ́ kan tó tẹ̀ jáde ní 1969. Ìkùnsínú ti wà káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohun ìjà, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò yà á sí. Àwọn ṣọ́jà ló wá pa ìjà náà, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n mú àwọn aṣáájú, wọ́n sì ṣèdájọ́ wọn. Ní 1917, Òkèhò kó kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́ wá sí ibi tó wà lónìí.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ oko àti màlúù ló gba orí gbogbo ènìyàn láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí àti Ìgbòho. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin lórí dída ẹran ní gbangba ní 2019. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò lè jókòó gbọ́ ẹjọ́. Àgbẹ̀ ní màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ òun, owó ilé ìwé àwọn ọmọ òun sì ti bá a lọ. Darandaran ní ọ̀nà tí màlúù baba òun ń gbà lọ mu omi ni wọ́n ti sọ di oko. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá ni àgbà òṣìkà, ìlànà tí àwọn baba wa fi ń parí ìjà sì bá òwe náà lọ: olùfisùn á sọ títí, wọn á bi í pé ṣé ó kù, kí wọ́n tó yíjú sí ẹnìkejì. Nínú ìgbìmọ̀, àwọn kékeré á sọ tiwọn, àgbà á sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kì í ṣe tìtorí ọ̀wọ̀ nìkan. Bí àgbà bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún là á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀?

Ìlànà yìí ń ṣá lọ. Ẹni tó wá parí ìjà ń tẹ fóònù, ìdájọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí olùfisùn tó sọ ìdajì. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ́mọ́ọ̀mù, ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Nígbà tí ìpàdé tó ń bọ̀ bá yá, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀gẹ́ náà àti àwọn ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kẹ́nikẹ́ni má já wọn lẹ́nu, kí ẹ sì yan ẹnìkan tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.