Ìtọ́sọ́nà Lẹ́nu Iṣẹ́: Láti Ọwọ́ Ọ̀gá dé Ìgbòmìnira

Ìtọ́sọ́nà yàtọ̀ sí ìkọ́ni lásán. Olùkọ́ lè bá ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùtọ́sọ́nà ní láti mọ ohun tí agbára ẹni tí ó ń tọ́ ká àti èyí tí kò tíì ká. Kathy Kram, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1985. Ó ní olùtọ́sọ́nà ń la ọ̀nà fún èèyàn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń gbé ọkàn rẹ̀ ró. Ìpele mẹ́rin ni ó rí nínú ìbáṣepọ̀ náà: ìbẹ̀rẹ̀, ìdàgbàsókè, ìpínyà, àti ìbátan tuntun tí ó ń tẹ̀lé ìpínyà.

Iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín ni ìgbésẹ̀ iṣẹ́ wọn. Nínú ọnà lílé ni ère ti ń gba ìrísí. Igi tí a bá gé sọnù níbẹ̀ kò ṣeé dá padà, nítorí náà ọ̀gá kì í tètè fi í lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Ibi tí àṣìṣe kò ti ní ba odindi ère jẹ́ ni ọmọṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbé igi fún un pé kí ó lé e fúnra rẹ̀, kì í ṣe igi nìkan ni ó gbé fún un.

Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún jẹ́ ọmọ agbẹ́gilére, ó sì ti ń gbẹ́gi kí ó tó dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kátólíìkì náà, Kevin Carroll, ti ń darí ilé iṣẹ́ ọnà kan láti 1947. Síbẹ̀, ó tún fi ara rẹ̀ sábẹ́ George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógún ará Òsì. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ó sì gbẹ́ ọnà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbẹ̀yìn, òun náà di olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀.

Ìpínyà ni ó ṣòro jù. Télọ̀, mẹkáníìkì àti onídìrí mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n ní ìgbòmìnira, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù. Àwọn òbí á péjú, ọ̀gá á gbàdúrà, á sì yọ̀ǹda ọmọṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, ọmọṣẹ́ lè gba oníbàárà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń pe ẹni náà ní “ọ̀gá mi” títí láé. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá kan ń fi iṣẹ́ ilé àti owó ayẹyẹ ni ọmọ lára. Àṣà náà kò pé. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Yunifásítì ní ayẹyẹ ìgboyè, ṣùgbọ́n oyè ni ó ń fúnni. Kò yọ olùkọ́ kékeré kúrò lábẹ́ àgbà. Ẹni tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lè ṣì máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n máàkì ìwé ìdánwò, kí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n sì máa ṣíwájú tirẹ̀ lórí àpilẹ̀kọ tí òun nìkan kọ. Kò sí òbí tí yóò wá béèrè ìgbà tí wọn yóò yọ̀ǹda ọmọ wọn, nítorí kò sí ẹni tí ó dá ọjọ́ kankan.