Ìgbéyàwó Ló Kọ́kọ́ Wọ́n ní Jàpáànù, Kí Ọmọ Tó Wọ́n

Lọ́dún 1963, ìjọba Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife fàdákà ta ẹni tó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́rẹ. Àwọn 153 péré ni wọ́n rí kà lọ́dún náà. Nígbà tó fi máa di 2024, iye wọn ti lé ní 95,000, ìnáwó ọ̀hún sì ti wọ ìjọba lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé láti 2016 ni wọn kò ti fi ojúlówó fàdákà ṣe ife náà mọ́. Irin mìíràn ni wọ́n ń fi fàdákà bò. Ní 2024 yìí kan náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bí ní Jàpáànù kò pé 700,000, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1949 wọ́n bí tó mílíọ̀nù 2.7. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣirò yìí á yára sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló kọ ọmọ, pé ọ̀làjú ti ba ayé wọn jẹ́. Àlàyé yẹn rọrùn, ṣùgbọ́n kò bá ẹ̀rí mu. Ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ wọ́n, bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ àti ilé ló sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ìdínkù méjì ló ṣẹlẹ̀, ìkíní kò sì jọ èkejì. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, tí àwọn ọmọ ogun padà sílé, obìnrin kan ń bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ìlú ti jóná, oúnjẹ kò tó, ìjọba sì ń bẹ̀rù ẹnu tí wọn yóò bọ́. Lọ́dún 1948 wọ́n ṣe òfin tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́. Lọ́dún 1949 wọ́n fi àìrí-jẹ-àìrí-mu kún ohun tí obìnrin lè torí rẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí tẹ̀ lé e. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ti di ọmọ méjì fún obìnrin kan. Ìdínkù yẹn ṣe wọ́n lóore: òbí rówó rán ọmọ níléèwé, òṣìṣẹ́ sì pọ̀ ju ẹni tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lọ. Ọdún 1966 wá bọ́ sí ọdún Ẹṣin Iná nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́dún náà yóò le koko, yóò sì pa ọkọ rẹ̀ jẹ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti èṣí, ó sì padà sípò lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1989, láìsí ẹṣin kankan nílẹ̀, iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí já sí 1.57, ó tilẹ̀ kéré ju ti 1966 lọ. Ìgbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ni àyà ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já.

Ẹ jẹ́ ká yẹ inú ilé àwọn tọkọtaya wò. Láti 1972 títí di 2002, ìwádìí tí ìjọba ń ṣe fi hàn pé àwọn tó ti fẹ́ra fún ọdún 15 sí 19 ń bí ọmọ bíi 2.2. Kódà lọ́dún 2021, ó ṣì wà ní 1.9. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣègbéyàwó kò dẹ́kun ọmọ bíbí; àwọn tí kò ṣe é ló ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1970, nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ọdún, kò tó méjì tí kò gbéyàwó rí. Ní 2020, wọ́n ti ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́rin. Tàwọn obìnrin tó nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́fà. Ní ilẹ̀ Faransé, ó ju ìdajì ọmọ lọ tí òbí wọn kò ṣègbéyàwó. Ní Jàpáànù, bíi méjì péré ni nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ìgbéyàwó bá ti tì, ọmọ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà wá.

Kí ló wá tì í? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, owó ilẹ̀ àti ti ìpín ìdókòwò tó ti gun òkè àjà já wálẹ̀, ọrọ̀ ajé sì dákú. Kó tó dìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin láti iléèwé, á sì wà níbẹ̀ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó. Nígbà tí iṣẹ́ di onígbà díẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà, ọkùnrin kò lójú àtiwọ ilé àna mọ́. Lára àwọn tí ìyà yìí jẹ jù ni àwọn tí wọ́n bí láàárín 1971 sí 1974, nígbà tí wọ́n ń bí bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ lọ́dọọdún. Gbogbo ènìyàn ń retí pé bí àwọn yẹn bá dàgbà, ọmọ yóò tún pọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pọ̀. Ti obìnrin tún yàtọ̀. Òfin ọdún 1985 ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ilé kò yí padà. Wọ́n ṣì ń retí pé kí ìyálọ́mọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ọkọ máa ti ọ́fíìsì dé lóru, kí ìyàwó sì máa tọ́jú bàbá àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó bá darúgbó, ẹrù tí kò ṣàjèjì sí ìyàwó ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Obìnrin tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọkọ: lọ́dún 2021, ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣègbéyàwó, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó sọ pé àwọn ṣì fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kan.

Ìlú Yubari ní erékùṣù Hokkaido jẹ́ ìlú awa-èédú tó ní èèyàn tó lé ní 100,000 lọ́dún 1960. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà pa, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ, owó orí ò wọlé mọ́, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì wọko gbèsè. Wọ́n pa àwọn iléèwé pọ̀ títí ó fi ku alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Èèyàn tó kù níbẹ̀ kò tó 7,000 mọ́, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èédú ló ṣáájú lu Yubari, mo gbà. Ṣùgbọ́n lórílẹ̀-èdè tí ọmọ ti wọ́n, ta ni yóò wá rọ́pò ẹni tó lọ? Ìwádìí ọdún 2023 ka ilé mílíọ̀nù 9 tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú wọn káàkiri Jàpáànù. Ilé-iṣẹ́ Oji ṣíwọ́ ṣíṣe ìlédìí ọmọdé níbẹ̀ lọ́dún 2024, ó gbájú mọ́ ti àgbàlagbà. Lọ́dún 1970, géńdé bíi mẹ́wàá ló wà fún arúgbó kan. Lọ́dún 2020, méjì ló kù. Ìjọba Tanaka Kakuei, olórí ìjọba Jàpáànù nígbà náà, sọ ìwòsàn di ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ti pé àádọ́rin ọdún ní 1973, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1983 wọ́n ti tún ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Ní 2000, wọ́n dá owó adójútòfò ìtọ́jú àgbà sílẹ̀, tí gbogbo ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún ń san. Lójú tèmi, ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn, nítorí ó gbé díẹ̀ kúrò lórí ìyàwó ilé. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló burú níbẹ̀: erékùṣù tó há, tó ní èèyàn mílíọ̀nù 128 lọ́dún 2008, bí wọ́n bá dín kù, ilẹ̀ á tún gbà wọ́n. Ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní ọmọdé, géńdé àti arúgbó jọ ń dín kù ni. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n kó àlejò wọlé. Jàpáànù ti ń ṣe é. Láti 2019 ni físà tuntun ti wà fún òṣìṣẹ́ àjèjì, títí kan àwọn tó ń tọ́jú àgbà. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú àgbà lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ lọ. Ní 2024 wọ́n ní kí wọ́n má kó ọkọ, aya àti ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025 wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ohun tó lè yí padà bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta kò ṣeé gbára lé fún ìṣòro àádọ́ta ọdún. Àlejò náà yóò sì darúgbó.

Àtakò tó lágbára jù ni ti Okinawa. Ó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó tòṣì jù, síbẹ̀ ọmọ kì í wọ́n níbẹ̀ tó ti ibòmíràn. Tokyo tó lówó ni ọmọ kò ti pé ẹyọ kan fún obìnrin kan lọ́dún 2023. Ṣé owó kọ́ ló fà á nìyẹn? Owó nìkan kọ́. Láti 1994 ni ìjọba ti ń ṣètò ìrànwọ́, ilé ìtọ́jú ọmọ àti owó ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó ti bímọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ; àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ onígbà díẹ̀ kò rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú kékeré Nagi ní Okayama, ọmọ dé 2.95 fún obìnrin kan lọ́dún 2019 (ìlú náà kéré, ìṣirò rẹ̀ lè fò sókè sódò). Wọ́n ń fúnni lówó níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún fi ilé olówó pọ́ọ́kú kún un, àwọn àgbà ń bá ìyálọ́mọ mójú tó ọmọ, iṣẹ́ oníwákàtí díẹ̀ sì wà fún ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìjọba Tokyo fúnra rẹ̀ di alárinà: ó gbé áàpù kan jáde tí àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó fi ń wá ẹni tí wọn yóò fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mú ìwé wá pé òun kò lọ́kọ tàbí láya, kó sì fi owó tó ń wọlé fún un hàn. Ó ṣeé fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọgbẹ́ wà ju ètò ọgbọ̀n ọdún tó ṣáájú lọ. Láti oṣù kẹrin 2025, ó tún ti fàyè gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti máa fi ọjọ́ mẹ́rin ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, èyí sì sún mọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ju áàpù lọ. Àmọ́ bí gbogbo àpọ́n Jàpáànù tilẹ̀ ṣègbéyàwó lọ́la, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò bí ní àwọn ọdún 1990 kò ní sí níbẹ̀ láti di ìyá, iye ọmọ tuntun yóò sì ṣòro láti gbé sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà bí ìwọ̀n tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí bá lọ sókè díẹ̀.