Wíwo Ìkúùkuu Júpítà láti Kuje

Júpítà ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn po. Bí a bá fi awò ọ̀nà jíjìn wò ó, ó rọrùn láti rò pé ilẹ̀ rẹ̀ ni à ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí gan-an, a ó sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi pè é wò, nítorí pé orúkọ tí kò bá nǹkan mu a máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Haidirójìn àti hílíọ́ọ̀mù ni ó pọ̀ jù lọ lára Júpítà. Kò ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Ìkúùkuu ni à ń rí, yìnyín amóńíà ni ó sì wà lókè pátápátá. Kò tó wákàtí 10 tí Júpítà fi ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni ó mú kí ìkúùkuu náà nà gbọọrọ bí ìlà ara aṣọ òfì, funfun àti pupa rúsúrúsú.

Kuje wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà Júpítà máa ń gòkè dáadáa níbẹ̀. Awò kékeré tó láti fi rí ìlà dúdú méjì àti òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí ní 1610. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run. Alẹ́ tí òjò ti fọ sánmà mọ́ ni ó dára jù.

Awò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi ń rí ohun pupa ńlá tí a ti ń ṣọ́ láti 1831. Ní 1979, ìbú rẹ̀ lé ní 23,000 kìlómítà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sún kì, síbẹ̀ ó ṣì fẹ̀ ju ayé wa lọ. Bí a bá pè é ní “àbàwọ́n”, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ó lẹ̀ mọ́ ojú kan. Ìjì ni, ó ń yí, ó sì ń rìn.

Bákan náà, “àwọsánmà” lè túmọ̀ sí ojú ọ̀run tàbí ohun tí ó bò ó. Lójú tiwa, kí “òfuurufú” dúró fún afẹ́fẹ́ tí ó yí pílánẹ́ẹ̀tì ká, kí “ìkúùkuu” dúró fún ohun tí ń léfòó nínú rẹ̀, kí a sì máa pe ìjì ní ìjì.