Ata Rodo Inú Ilé: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Ewé Nínú Èèpo Àgbọn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, Manchester àti Glasgow ló ń gbin ata rodo sẹ́bàá fèrèsé. Òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí ata lè gbé níta láti oṣù Ọ̀wàrà títí di apá ìparí oṣù Èbìbí, nítorí náà inú ilé ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í lo erùpẹ̀ mọ́. Èèpo ẹ̀yìn àgbọn ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra di bíríkì, tí wọ́n ń tà lọ́jà ní coco coir. Bíríkì tó wọn 650 gíráàmù, tí a bá bomi sí i, a wú di nǹkan bíi lítà 8 tàbí 9. India àti Sri Lanka ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ irú èèpo yìí kan náà ló ń kún ilẹ̀ ní Àgbádárìgì, níbi tí igi àgbọn pọ̀ sí jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ó dára fún gbòǹgbò gan-an. Ó ń gba omi dúró, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Àmọ́ kò sí oúnjẹ kan gúnmọ́ nínú rẹ̀ fún ata, yàtọ̀ sí potassium, ó sì máa ń gbé iyọ̀ wá láti ilé rẹ̀. Ìdí ni pé etí òkun ni àgbọn ti ń hù dáadáa, àti pé inú omi oníyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ púpọ̀ nínú èèpo náà kí wọ́n tó lu fọ́nrán ara rẹ̀ jáde. Potassium àti sodium á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá wá da ajílẹ̀ tó ní calcium àti magnesium sí i, èèpo náà á gba méjèèjì yìí mọ́ra, á sì tú potassium àti sodium sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Olóko á máa rò pé òun ti fún ata lóúnjẹ, ata ò sì rí calcium jẹ.

Ẹ wo ara páálí tí wọ́n fi dì í dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ “washed” sí, omi lásán ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ “buffered” sí ni wọ́n ti fi calcium rọ́pò iyọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá ra ti àkọ́kọ́, ẹ po calcium nitrate mọ́ omi, kí ẹ rẹ èèpo náà sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan yìí ń dènà ọ̀pọ̀ nínú wàhálà tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí.

Bí ewé bá wá bàjẹ́, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé ewé wo ló kọ́kọ́ ṣẹ̀: ti ìsàlẹ̀ ni, tàbí ti ọ̀mùnú? Nitrogen, phosphorus, potassium àti magnesium jẹ́ ohun tí ata lè yọ lára ewé àgbà, kó gbé e lọ fún ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bí wọ́n bá wọ́n, ewé ìsàlẹ̀ ni yóò jìyà. Calcium àti irin kì í ṣí kúrò níbi tí wọ́n bá ti jókòó sí. Ní tiwọn, ọ̀mùnú ni ìyà ń jẹ.

Ẹ fọwọ́ gbé ewé ìsàlẹ̀ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí iṣan rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí àárín iṣan sí iṣan sì ti pọ́n, magnesium ló ń wá. Bí gbogbo ewé náà bá rẹ̀, tó pọ́n tiṣantiṣan, nitrogen ni. Bí ó bá jẹ́ etí ewé nìkan ló gbẹ tó sì ń wó wúruwùru, ìwé á sọ fún yín pé potassium ló wọ́n. Nínú èèpo àgbọn, n kò ní tètè gba èyí gbọ́. Níbi tí potassium ti pọ̀ tó báyìí, iyọ̀ tó kóra jọ sí gbòǹgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Lókè, ewé tuntun tó pọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù ń sọ̀rọ̀ irin. Èyí tó yọ jáde ní híhunjọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ ti kú kó tó là tán, calcium ni. Àìsàn yìí kan náà ló ń mú kí ìdí èso ata tàbí tòmátì dúdú kó sì jìn wọnú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti ta kókó ni omi, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí olóko fara balẹ̀ sí jù. Púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ London ń wá láti odò Thames àti odò Lea, tí omi wọn ti gba inú òkúta ẹfun kọjá. Ẹ wo inú kẹ́tù: funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni calcium carbonate. Nítorí náà calcium kì í sábà wọ́n nínú omi yìí. Ohun tí omi náà ń ṣe ni pé ó ń gbé pH inú ike lọ sókè, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan omi, tó ń ga bí kíkan rẹ̀ bá ń dín kù. Láàárín 5.8 sí 6.2 ni ó bá ata lára jù nínú èèpo àgbọn. Bí ó bá ti ń kọjá 7, irin á wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní yòrò, gbòǹgbò kò sì ní lè fà á. Ọ̀mùnú á pọ́n. Olóko á sáré lọ ra ìgò Cal-Mag, ajílẹ̀ olómi tó ní calcium àti magnesium, á máa fi calcium kún calcium. Ohun tí ata yẹn ń fẹ́ ni kí wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ sọ omi rẹ̀ di kíkan, tàbí kí wọ́n fi omi òjò là á.

Glasgow kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 1859 ni wọ́n ti ń fa omi Loch Katrine wá síbẹ̀ láti orí òkè. Manchester náà ń mu omi Thirlmere láti 1894. Omi wọ̀nyí rọ̀, wọn kò ní calcium tàbí magnesium tó ṣe é sọ, Cal-Mag sì tọ́ sí wọn. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n ní Peckham, ní London, fún àbúrò rẹ̀ ní Glasgow fi lè ba ata jẹ́, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ tó. Ẹni tó bá sì ń gbin nǹkan sínú èèpo yìí lórí bákónì ilé ní Lekki, níbi tí omi kànga ẹ̀rọ kan ti ń ní iyọ̀ òkun nínú, kí ó wọn omi rẹ̀ kó tó dá ajílẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn iyọ̀ inú omi, EC, kò wọ́n. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò fẹ́ kó ju nǹkan bíi 1 mS/cm lọ. Ata tó ti ń so lè gba 2. Ẹ wọn omi tí ẹ fẹ́ rin sí i, kí ẹ rin ín títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ wá wọn èyí tó jáde. Bí 1.6 bá wọlé tí 3 sì jáde, iyọ̀ ti kóra jọ. Ẹ rọ omi tí ajílẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ gan-an gba inú ike náà kọjá títí òǹkà yóò fi wálẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa jẹ́ kí díẹ̀ ṣàn jáde nígbàkígbà tí ẹ bá rin ata, bí ìdá mẹ́wàá omi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì da èyí tó jáde nù.

Oṣù náà ń sọ tirẹ̀. Ní nǹkan bí àárín oṣù Ọ̀pẹ, ojúmọ́ London kò pé wákàtí 8, ti Èkó sì lé ní wákàtí 11 àbọ̀. Ata kì í mu omi púpọ̀ nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Òkè èèpo àgbọn á gbẹ tó dà bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì kún fún omi. Ẹ gbé ike sókè, kí ọwọ́ yín fi ìwúwo rẹ̀ mọ̀. Ewé tí omi pọ̀ jù fún máa ń sorí kọ́ ní kíki, ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á rọ, á fẹ́lẹ́. Kantíkantí tó ń fò lórí ike jẹ́ àmì pé òkè ibẹ̀ kì í gbẹ.

Láàárín oṣù Bélú sí Èrèlé, irin amúlégbóná ń gbẹ afẹ́fẹ́, kòkòrò tíntìntín tó bá aláǹtakùn tan á sì gbilẹ̀. Ewé á ní àmì funfun wínníwínní. Ẹ gbọn ewé náà sórí bébà funfun: bí eruku tó bọ́ sílẹ̀ bá ń rìn, ẹ ti rí wọn. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé, kí ẹ fi omi ọṣẹ fífúyẹ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tún un ṣe léraléra, torí ẹyin wọn kì í bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí hóró tó ń dán bí ṣúgà lábẹ́ ewé ata, tí kò rìn, ẹ má ṣe gbógun. Omi dídùn ara ata ló gbẹ síbẹ̀.

Ní ìparí oṣù Èbìbí, bí ata bá ń jáde síta, kó máa pẹ́ díẹ̀ díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tí wọ́n gbé sínú oòrùn lójijì á ní abàwọ́n funfun gbígbẹ lórí ewé òkè, èyí kò sì ní oògùn ajílẹ̀.

Ewé tó ti jó kì í padà bọ̀ sípò. Èyí tó bá ń yọ lẹ́yìn ìtọ́jú, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ni kí ẹ fi dá ẹjọ́. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́, kí ẹ má sì já ewé tí ìdajì rẹ̀ bá ṣì tutù, nítorí ó ṣì ń bọ́ ata náà.