Ìbọn Ìléwọ́ Tí Ènìyàn Lè Fi Ẹ̀mí Rẹ̀ Gbára Lé

Ọdẹ tí ó bá gbọ́n kì í gba ìbọn tuntun lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní ọ̀sán kí ó sì gbé e wọ igbó kìjikìji ní alẹ́ ọjọ́ náà. Yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi, yóò ki ẹ̀tù sí i, yóò yìn ín lẹ́ẹ̀kíní, yóò yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì wo bí ó ti ń gbá èjìká àti ibi tí ọta rẹ̀ ń bà. Kì í ṣe pé ó fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ó mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹfọ̀n bá kọjú sí òun, alágbẹ̀dẹ kò ní í sí níbẹ̀. Ọgbọ́n àwọn baba wa yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti jókòó láti kọ̀wé lórí ìbọn ìléwọ́ òde òní, èyí tí àwọn ilé ẹ̀rọ ńláńlá ń rọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òfin yé wa. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní i lọ́wọ́ àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, a kò rọ ará ilé kankan láti lọ wá ìbọn ìléwọ́ kiri. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ń gbé, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, òfin gba ọ̀pọ̀ ènìyàn láàyè láti ra irú ìbọn yìí ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ni a ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí irin kékeré tí ó wà ní ìbàdí ẹ̀ṣọ́ fi lè jẹ́ ìgbàlà tàbí jàǹbá fún ẹni tí ń kọjá lọ ní tirẹ̀.

Ọjà ìbọn dà bí ọjà aṣọ: ti olówó wà níbẹ̀, ti mẹ̀kúnnù náà sì wà níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ mìíràn wà tí àgbà alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán, tí owó rẹ̀ ju 3,000 dọ́là lọ. Òmíràn wà tí kò tó 300. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àkọ̀ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ni ti àárín, tí owó rẹ̀ ń lọ sí bíi 500 tàbí 600 dọ́là. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ irú ìbọn àárín bẹ́ẹ̀ tó ohun tí ènìyàn lè fi ẹ̀mí rẹ̀ gbára lé? Bí kò bá sì tó, kí ni a lè tún ṣe lára rẹ̀? Ìdáhùn tiwa ni pé ó tó, bí a bá dán an wò bí ó ti yẹ. Pé ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe lára rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Àti pé owó tí ó bá kù, ọta ìdánrawò ni ó yẹ kí a fi rà.

Bí ìbọn tí a fi ń ṣe eré ìdíje bá ṣe ségesège, ife ẹ̀yẹ ni olúwa rẹ̀ yóò pàdánù. Ti iṣẹ́ gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ ṣe. Èkíní, ó gbọ́dọ̀ yìn nígbàkígbà tí a bá fà á. Èkejì, kò gbọdọ̀ yìn nígbà tí a kò fà á. Ẹ̀kẹta, ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ bà ní ibi tí a fojú sùn. Ẹwà, orúkọ ilé iṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ dídùn inú ìwé ìpolówó kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń dán ìbọn wò, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù March ọdún 1911. Àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà ń wá ìbọn ìléwọ́ tuntun, ó sì ku ilé iṣẹ́ méjì tí ń du ipò náà: Colt, tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ John Browning, àti Savage. Wọ́n yin ọta 6,000 láti inú ìbọn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìbọn bá gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà, wọn a rì í sínú omi kí ó tutù, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ti Savage kọsẹ̀ nígbà 37. Ti Colt kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba ti Colt, òun ni ó sì jẹ́ ìbọn ìléwọ́ àwọn ọmọ ogun náà títí di ọdún 1985 tí wọ́n yan òmíràn.

Ní nǹkan bí 70 ọdún lẹ́yìn ìdánwò yìí, ìjọba Austria náà ń wá ìbọn tí yóò rọ́pò ti àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun wọn. Ọ̀gbẹ́ni Gaston Glock, ẹni tí kò rọ ìbọn ìléwọ́ rí, wọ inú ìdíje náà. Òfin rẹ̀ le: ìbọn tí ó bá kọsẹ̀ ju ìgbà 20 lọ nínú ọta 10,000 àkọ́kọ́ ti pàdánù, èyí tí ó bá sì jábọ́ láti òkè mítà méjì sórí irin pẹrẹsẹ kò gbọdọ̀ yìn fúnra rẹ̀. Ìbọn Glock yege, wọ́n sì gbà á ní ọdún 1982, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí àwọn kan sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ìdánwò méjèèjì, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó rọ ìbọn ni wọ́n gbọ́. Iye ìgbà tí ìbọn kọsẹ̀ ni wọ́n kà. Àwọn baba wa ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ìjọba ti dán irú rẹ̀ wò, kí ni ó tún kù fún mi láti ṣe?" Ìjọba kò dán ẹyọ kan tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Kí ẹni tí ó bá ra ìbọn nu epo tí wọ́n fi pa á láti ilé iṣẹ́ kúrò, kí ó fi èyí tí ó yẹ sí i, kí ó gbé e lọ sí pápá ìdánrawò tí òfin fọwọ́ sí, kí ó sì yin ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọta láti inú rẹ̀. Kí ó kọ nọ́ńbà sí ara àpò ọta kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí a ń to ọta sí tí a sì ń tì bọ inú èèkù. Nítorí nígbà tí ọta bá há, àpò ni ó sábà máa ń fà á. Kí ó má ṣe fi ọta ìdánrawò olówó pọ́ọ́kú nìkan dán an wò. Imú ọta ìdánrawò rí roboto, ṣùgbọ́n imú ọta iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ife, ìbọn tí ó sì ń gbé ọ̀kan mì wọ́ọ́rọ́ lè há nígbà tí a bá fún un ní èkejì. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì yìn ín, kí ó sì fi ẹyọ ọwọ́ kan yìn ín, ọ̀tún àti òsì, nítorí ìjà kì í bèèrè ọwọ́ tí ó ṣófo. Nígbàkígbà tí ìbọn bá kọsẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, nọ́ńbà àpò, irú ọta. Bí ó bá ń kọsẹ̀ léraléra lẹ́yìn tí ó ti pààrọ̀ àpò àti ọta, kí ó dá a padà fún ẹni tí ó rọ ọ́, kí ó má sì ṣe gbé e kọ́ ìbàdí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Níhìn-ín pẹ̀lú, ìbọn Colt yẹn ní ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ti gbé e la ẹrẹ̀ ilẹ̀ Faransé kọjá, àwọn aláṣẹ tún un ṣe ní àárín ọdún 1924 sí 1926. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gé irin tí ìka ń fà kúrú kí ìka kúkúrú lè dé ibẹ̀. Wọ́n mú kí ẹ̀yìn èèkù yọ díẹ̀ kí ó lè kún àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n mú kí ìrù tí ó wà lókè èèkù gùn sí i kí òòlù ìbọn má baà máa bu ẹran ọwọ́ jẹ. Wọ́n sì mú kí àmì ìfojúsùn iwájú fẹ̀ sí i. Ọwọ́ àti ojú ènìyàn ni wọ́n tún un ṣe fún. Iṣẹ́ inú rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ bí Browning ti ṣe é.

Bí ó ti yẹ kí ẹni tí ó ra ìbọn àárín lónìí ṣe náà nìyẹn. Bí àmì ìfojúsùn rẹ̀ bá jẹ́ ti ike, kí ó fi ti irin rọ́pò rẹ̀, èyí tí ojú lè rí ní ìdájí àti ní àṣálẹ́. Kí èèkù rẹ̀ bá ọwọ́ mu, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Kí ó ra àpò ọta tí ilé iṣẹ́ tí ó rọ ìbọn náà fúnra rẹ̀ ṣe. Kí ó máa pààrọ̀ sípíríǹgì ní àsìkò tí ìwé ìlò ìbọn sọ, nítorí sípíríǹgì a máa rẹ̀ bí ènìyàn. Kí ó sì ra àkọ̀ líle tí ó bo irin tí ìka ń fà mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ohunkóhun má baà kàn án nígbà tí ìbọn wà ní ìbàdí.

Ibi tí àtúnṣe ti ń di ewu ni irin tí ìka ń fà yìí gan-an. Ní ìlú New York, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá mú kí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba agbára ìwọ̀n pọ́n-ùn 12 kí ìbọn tó yìn. Èrò wọn ni pé ọlọ́pàá tí àyà rẹ̀ ń já kò ní í ṣèèṣì yìn ín. Ní ọjọ́ 24 oṣù August ọdún 2012, nítòsí ilé gogoro Empire State, ọlọ́pàá méjì kojú ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ènìyàn, tí ó sì na ìbọn sí wọn. Wọ́n yin ọta 16. Ọkùnrin náà kú. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́sàn-án tí ń kọjá lọ ni ọta wọn tàbí àfọ́kù rẹ̀ ṣe léṣe. Àwọn kan wí pé irin líle náà ni ó ń fa ẹnu ìbọn kúrò ní ibi tí a fojú sùn. Àwọn mìíràn wí pé ìdánrawò ni kò tó. Ní tiwa, a rò pé ọ̀kan kò pa èkejì: irin tí ó le jù ń bèèrè ìdánrawò púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá ni ó ń rí i ṣe.

Ṣé kí a wá sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni? Ó tì o. Bí ó bá rọ̀ jù, ìka tí ẹ̀rù ń gbọ̀n yóò yìn ín kí ọkàn tó pinnu. Ewu mìíràn tún wà tí ojú kò tètè rí. Ní oṣù January ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yan irú kan ìbọn SIG Sauer P320. Ní oṣù August ọdún kan náà, àwọn ènìyàn fi hàn pé èyí tí wọ́n ń tà fún ará ìlú lè yìn bí ó bá jábọ́ ní ìdojú kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: nígbà tí ìbọn bá balẹ̀ tí ó sì dúró lójijì, irin tí ìka ń fà kò dúró bí ó bá wúwo, ó ń bá eré rẹ̀ lọ sẹ́yìn bí ẹni pé ìka ni ó fà á. Ilé iṣẹ́ náà kéde pé olówó ìbọn tí ó bá fẹ́ lè dá a padà, wọ́n sì fi irin tí ó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀ láìgba owó. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fi iṣẹ́ náà jẹun, kí ni ẹni tí ó mú fáìlì tí ó ń ha irin inú ìbọn lórí tábìlì oúnjẹ rò pé òun ń ṣe? Kí ó fi í sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é. Bí ó bá di dandan kí a yí i padà, kí ó jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, kí ó sì jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó gba ẹ̀kọ́ ni yóò fi í sí i.

Ohun yòówù kí a yí padà, ìdánwò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni. Ìbọn tí a tún ṣe ní àná, ìbọn tuntun ni lónìí.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ó kẹ́yìn. Ìwádìí kan tí ilé iṣẹ́ RAND ṣe lórí àwọn ọlọ́pàá New York, tí ó jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé láàárín ọdún 1998 sí 2006, nígbà tí ọ̀daràn bá ń yìnbọn padà, ọta 18 péré nínú 100 ni ó ń ba ẹni tí wọ́n fojú sùn. Ìbọn tí ó yè kooro ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí. Ọta 82 tó kù kò pòórá o; ara ògiri, ara ọkọ̀, tàbí ara ọmọ ẹlẹ́ran ara ni wọ́n ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé kí ẹni tí ó ní 500 dọ́là láti ná sórí ìbọn rẹ̀ má ṣe fi í ra ọ̀ṣọ́. Kí ó ra àmì ìfojúsùn tí ó dára àti àkọ̀ tí ó dára, kí ó sì kó ìyókù lé ọta ìdánrawò àti owó olùkọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ìbọn nítorí iṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ẹ bá dé ilé ní alẹ́, ẹ tì í mọ́ inú àpótí irin kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ rántí ọdẹ tí ń dán ìbọn wò ní ẹ̀yìn odi. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ẹni tí ó rọ ìbọn kò ní í sí níbẹ̀; ẹni tí ń kọjá lọ ni yóò wà níbẹ̀.