Níbo ni èéfín ìlú ńlá ti ń wá?

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá ti lọ ta ọjà ní Tọkpá ní Kútọnu mọ bí ó ti ń rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú á máa ta, ọ̀fun á gbẹ. Tí a bá fi aṣọ funfun nu imú, aṣọ á dúdú. Gbogbo ènìyàn á wí pé: «Zémijan ló fà á.» Ṣé òótọ́ ni? Ṣé zémijan nìkan ni? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Kí ló wà nínú èéfín?

Eruku kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi, irun imú ń mú un. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù, ojú kò lè rí i. Bí a bá to 25 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò nípọn ju ẹyọ irun orí kan lọ. Aṣọ tí a fi bo imú kò lè sẹ́ ẹ tán. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń fa ikọ́ àti àrùn ọkàn. Ó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ń jẹ́ kí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tètè mú ọmọdé.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí ó ti wá?

Ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè, tó bá tọ́ ọbẹ̀ ẹlòmíràn wò, á mọ̀ pé irú wà níbẹ̀, pé iyọ̀ pọ̀, pé ata kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ń ṣe. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Asẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀, tó rí bíi bébà funfun. Eruku á lẹ̀ mọ́ asẹ́ náà. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Orísun kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀:

– Èéfín igi ní ohun tó wà nínú eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú.
– Èéfín mọ́tò ní èérí dúdú bíi ti ìdí ìkòkò. Ó tún ní sinki, irú èyí tí a fi ń bo páànù òrùlé, nítorí ó wà nínú òróró ẹ́ńjínnì.
– Eruku ọyẹ́ ní amọ̀ àti irin inú ilẹ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá.
– Afẹ́fẹ́ òkun ní iyọ̀.

Ọjọ́ kan kò tó. Wọ́n ń kó asẹ́ jọ fún oṣù púpọ̀. Àwọn àmì tó ń pọ̀ pọ̀, tó sì ń dín kù pọ̀, orísun kan náà ni wọ́n sábà máa ń ti wá. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣírò ìpín igi, ìpín mọ́tò àti ìpín ọyẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí a gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ orísun kọ̀ọ̀kan, kí a wá fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe nìyẹn láti 2015 sí 2017, ní Kútọnu àti ní Abidjan.

Kí ni wọ́n rí?

Míkírógíráàmù ni wọ́n fi ń wọn eruku yìí. Tí ẹ bá pín gíráàmù 1 sí ọ̀nà 1 000 000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni. Wọ́n ń ka iye tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó lè kún àpótí tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ó má ju 5 lọ, tí a bá pín in dọ́gba lórí ọdún kan.

– Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Kútọnu: bíi 32.
– Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Abidjan: bíi 32.
– Ibi tí àwọn obìnrin ti ń fi igi dáná ní Abidjan: bíi 145.

Ẹ wò ó dáadáa. Èéfín mọ́tò burú, nítorí 32 ju ìlọ́po mẹ́fà 5 lọ. Ṣùgbọ́n níbi iná igi, eruku náà ju ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ. Èyí kò sọ pé iná igi ló ń ba gbogbo ìlú jẹ́ ju mọ́tò lọ. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó jókòó ti iná ń fa èéfín ju ẹni tó dúró létí ọ̀nà lọ.

Kí ló kàn wá ní abúlé?

Iná igi kan náà ló wà ní ilé ìdáná wa. Ìyá tó ń dín gàrí, ìyá tó ń yan ẹja, àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, èéfín yìí ni wọ́n ń fà lójoojúmọ́. Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Ẹ sá igi kí ó gbẹ dáadáa. Igi tútù ló ń rú èéfín jù.
2. Ẹ dáná níta, tàbí kí ẹ la fèrèsé àti ihò òkè sí ilé ìdáná.
3. Ẹ mọ ààrò tó ń jẹ igi díẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó lo gáàsì.
4. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sún mọ́ iná.
5. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí táyà dáná, ẹ má sì sun wọ́n mọ́ ìdọ̀tí. Májèlé wà nínú èéfín wọn.
6. Ẹni tó ní mọ́tò, kí ó máa tún un ṣe. Mọ́tò tó ń rú èéfín ń jẹ owó, ó sì ń jẹ ara.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

– Orísun èéfín mélòó ló wà ní àdúgbò yín?
– Èwo ni ẹ lè dín kù ní oṣù yìí?
– Ta ló ń pẹ́ jù nídìí iná nínú ilé yín? Kí ni ẹ lè ṣe láti ràn án lọ́wọ́?