Àwọn Obìnrin Aláṣọ Funfun ti Làìbéríà

Fíìmù Pray the Devil Back to Hell, tí Gini Reticker darí, tí Abigail Disney sì gbé jáde ní ọdún 2008, kì í ṣe eré àgbéléwò. Àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn gan-an ni wọ́n ń ròyìn nínú rẹ̀ bí àwọn obìnrin Làìbéríà ṣe fi ọwọ́ lásán kojú ogun ní ọdún 2003. Nígbà tí àwọn tí ó ṣe fíìmù náà ń wá àwòrán àtijọ́ tí wọn yóò lò, ti àwọn ọmọdékùnrin tí ó gbé ìbọn ni wọ́n rí lọ́pọ̀ yanturu, ti àwọn obìnrin náà kò tó nǹkan, nítorí pé àwọn oníròyìn kò ka ìyá tí ó jókòó sínú oòrùn sí ìròyìn. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni èyí, àtúnṣe rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ó gbayì jù lọ nínú fíìmù náà.

Ogun abẹ́lé, ìyẹn ogun láàrin ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ti bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní ìparí ọdún 1989, nígbà tí Charles Taylor kógun wọ̀lú. Ó rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ìbò gbé Taylor dé ipò ààrẹ ní 1997, ó sì tún rú ní 1999. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n rán lọ pẹ̀tù síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì padà wálé.

Leymah Gbowee ni ó ṣáájú àwọn obìnrin ìjọ Kírísítẹ́nì. Asatu Bah Kenneth, ọlọ́pàá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, sì kó àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ wá bá wọn, nítorí ọta ìbọn kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni kí ó tó pa á. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá kan lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, níbi tí ọkọ̀ Taylor ń gbà kọjá, kí ó lè máa rí wọn ní àlọ àti ní àbọ̀. Ọgbọ́n ni èyí, kì í ṣe ẹkún lásán. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2003, Taylor gbà láti rí wọn, ó sì ṣèlérí pé òun yóò lọ sí ìpàdé àlàáfíà pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń bá a jà.

Ní oṣù kẹfà ni ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn aṣojú jókòó pẹ̀sẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni àdó olóró ń bọ́ lu àwọn ará Monrovia. Nígbà tí ó di oṣù keje, àwọn obìnrin náà tí wọ́n ti tẹ̀lé ìpàdé náà dé Gánà so ọwọ́ wọn pọ̀, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀. Ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ni ó ṣe yìí: kí ìyá mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ra sí ìhòòhò níwájú ọmọkùnrin, ègún ńlá ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sún sẹ́yìn. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, olórí Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ tí ó ń ṣe alárinà, jáde wá bẹ̀ wọ́n, àwọn obìnrin náà kò sì kúrò títí ó fi gba ẹjọ́ wọn rò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, Taylor fi ipò sílẹ̀, ó forí lé Calabar. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel tí Gbowee pín pẹ̀lú Ellen Johnson Sirleaf àti Tawakkol Karman ní 2011 ni ayé mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò dá ìtàn rẹ̀ dúró sórí àdéhùn: nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ní oṣù kejìlá, tí nǹkan sì dàrú, àwọn obìnrin aláṣọ funfun yìí náà ni ó tún lọ pàrọwà fún wọn.